Fífi Ápù Wé Ọsàn: Ìtàn Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìlò Rẹ̀ nínú Ìtàn Ètò-Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin ìtàn àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má fi èso ápù wé ọsàn. Ó ṣàlàyé bí àkànlò-èdè náà ṣe kúrò lórí ohun méjì tí kò jọra rárá bọ́ sí orí ohun méjì tí ó jọra ṣùgbọ́n tí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó fi í yẹ àfiwé mẹ́ta wò nínú ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ wa: ìwé mẹ́fà ti ìṣáájú ọdún 1955 àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ láti ọdún 1970 sí 1978, àti ìdí tí ìjọba àpapọ̀ sọ nígbà tí ó fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún 2025. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé àfiwé kì í ṣe èèwọ̀. Ohun tí ó léwu ni kí orúkọ kan náà bo ìyàtọ̀ ohun méjì mọ́lẹ̀.

1. Ìfáárà

Kò sí olùkọ́ tí ó ti lo ọdún díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ ọ pé ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà láyé àtijọ́ sàn ju ẹni tí ó gboyè jáde ní yunifásítì lóde òní lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn olùkọ́ pàápàá a sì máa tún un sọ láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu dé ibi pé ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè ẹ̀rí mọ́.

Bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn létí tó, ó ń ṣe ìpalára. Ó ń mú kí ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbà pé iṣẹ́ tí ó ti bàjẹ́ ni òun fẹ́ wọ̀. Ó sì ń kọ́ àwọn aláṣẹ pé a lè dá ètò ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́ láìṣe ìwádìí, bí a bá ṣáà ti lè tọ́ka sí ohun mìíràn kan tí a rò pé ó sàn jù ú lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àkànlò-èdè kan tí ó bá irú ọ̀rọ̀ báyìí wí. Bí ẹnìkan bá fi ohun méjì wéra lọ́nà tí kò tọ́, wọn a ní ápù àti ọsàn ni ó ń fi wéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń bá àkànlò-èdè yìí pàdé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì gbà pé ohun tí ó ń sọ kò ju pé ‘ohun méjèèjì yàtọ̀’ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn rẹ̀ ni ó sì lè fi ìjìnlẹ̀ náà hàn wá.

2. Ibi tí àkànlò-èdè náà ti ṣẹ̀ wá

Nígbà tí àkànlò-èdè yìí kọ́kọ́ wọ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọsàn nínú rẹ̀. Ẹ̀dá inú omi òkun kan tí ó ń gbé inú ìkarahun, èyí tí wọ́n ń pè ní oyster, ni wọ́n fi ń ko ápù lójú. William Shakespeare lo irú ìfiwéra yìí nínú eré The Taming of the Shrew, tí ó kọ ní ẹ̀wádún tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún 16. John Ray náà kó o mọ́ àwọn òwe Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé jáde ní ọdún 1670. Láyé ìgbà náà, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé ohun méjì kò jọra rárá: ọ̀kan so lórí igi, èkejì wà nísàlẹ̀ omi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewu nínú irú àfiwé bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Nígbà tí ó yá, ọsàn gba ipò oyster. Ní ọ̀rúndún 20, ápù àti ọsàn ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyípadà kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n ó yí ìtumọ̀ àkànlò-èdè náà padà gidigidi. Èso ni ápù, èso ni ọsàn. Orí igi ni méjèèjì ti ń so, wọ́n rí roboto, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn, orí àtẹ kan náà ni wọ́n sì ń wà lọ́jà. Ìjọra wọn gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá ní ápù kan kò dára nítorí pé kò ní omi tó ọsàn ti fi òṣùwọ̀n ọsàn wọn ápù. Ohun tí àkànlò-èdè náà wá ń kìlọ̀ fún wa ni pé kí á ṣọ́ra níbi tí nǹkan ti jọra, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ gedegbe.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Yúróòpù ní ti wọn. Àwọn ará Jámánì àti Faransé a máa fi ápù ko èso mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pear. Èso náà kì í ṣe píà tí a ń fi búrẹ́dì jẹ níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra. Àwọn ará Serbia a máa fi ìyá àgbà ko ọ̀pọ̀lọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dún bákan náà ní èdè wọn. Àwọn ará Denmark ní tiwọn a máa béèrè pé èwo ni ó ga jù, ṣé Ilé-ìṣọ́ Roboto ni àbí sísán àrá? Ilé-ìṣọ́ yìí wà ní ìlú Copenhagen, ọdún 1642 ni wọ́n sì kọ́ ọ parí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ‘ga’, ni wọ́n lò fún méjèèjì, ṣùgbọ́n gíga ilé kì í ṣe gíga ohùn. Nínú àpẹẹrẹ Denmark yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi òṣùwọ̀n méjì pamọ́ sínú ara rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tilẹ̀ ti fi àkànlò-èdè yìí dápàárá. Ní ọdún 1995, Scott Sandford fi ẹ̀rọ tí ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú nǹkan kọjá yẹ ápù àti ọsàn gbígbẹ wò, ó sì kéde pé wọ́n ṣeé fi wéra dáadáa. Ní ọdún 2000, oníṣẹ́ abẹ kan, James Barone, ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ. Ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ fi pani, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, àfiwé náà tọ́. Kì í ṣe ápù àti ọsàn ni ó jẹ̀bi, bí kò ṣe ẹni tí kò sọ òṣùwọ̀n rẹ̀.

3. Òṣùwọ̀n nínú èrò Yorùbá

Ohun tí àkànlò-èdè yìí ń sọ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A kì í bu ìtẹ́ eku kù nítorí pé kò gba òkété. Bákan náà, àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí wúlò púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ wa, nítorí ohun kan náà, aṣọ, ni ó fi wọn ọmọdé àti àgbà, tí ó sì fi hàn pé iye aṣọ nìkan kò tó. Ọdún tí ènìyàn ti lò láyé wà lára òṣùwọ̀n náà.

Ọjà pàápàá ń kọ́ wa. Kóńgò ni a fi ń wọn gàrí, yáàdì ni a fi ń wọn aṣọ, kíkà ni a sì ń ka iṣu. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó wọ́n jù láàárín gàrí àti iṣu kò ní fi kóńgò kan wé iṣu kan. Iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi bọ́ ilé rẹ̀ ni yóò béèrè. Ó ti wá òṣùwọ̀n kẹta tí ó gba méjèèjì. Ohun tí olùkọ́ ìṣirò ń ṣe náà nìyẹn bí ó bá ń ro ìdá-méjì pọ̀ mọ́ ìdá-mẹ́ta: a kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìdá-mẹ́fà. Ápù mẹ́ta àti ọsàn méjì kì í ṣe ápù márùn-ún, kì í sì í ṣe ọsàn márùn-ún, ṣùgbọ́n èso márùn-ún ni wọ́n.

Ẹ̀wẹ̀, èdè wa fi hàn pé orúkọ lè tanni jẹ. Ọsàn ni a ń pe ọsàn mímu, ọsàn ni a ń pe ọsàn wẹ́wẹ́, a sì tún ń pe àgbálùmọ̀ ní ọsàn àgbálùmọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ẹ̀yà igi mìíràn pátápátá ni àgbálùmọ̀. Kò sí ẹni tí yóò fún àgbálùmọ̀ sínú ife kí ó tó sọ pé kò lómi. Nínú ìtàn ètò-ẹ̀kọ́, ẹ̀wẹ̀, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

4. Ìwé mẹ́fà méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan

Kí a tó lè dá ẹjọ́ láàárín ìwé mẹ́fà àtijọ́ àti ti òde òní, ó yẹ kí á mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìwé mẹ́fà àtijọ́ ni Sítáńdáàdì kẹfà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1862, lábẹ́ ìdarí Robert Lowe, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó pín ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò sí ipele mẹ́fà. Ipele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè ní Sítáńdáàdì, èyí tí ó túmọ̀ sí òṣùwọ̀n. Alábẹ̀wò a máa dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, èsì ìdánwò náà ni yóò sì pinnu púpọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé yóò gbà. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, wà lára àwọn tí ó ta ko ìlànà yìí.

Ìlànà náà kò pẹ́ kí ó tó dé etíkun wa. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1882, nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, àti òfin Èkó ti ọdún 1887, so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Ìdí tí èyí fi kan ọ̀rọ̀ wa ni pé bí ilé-ìwé kan bá wà láàárín àwọn òbí tí ó mọ̀wé, tí èkejì sì wà níbi tí ọmọ kì í ti í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, òṣùwọ̀n kan náà ni a fi wọ̀n wọ́n. Nígbà tí ó di ọdún 1916, lábẹ́ Lugard, ìjọba fẹ òṣùwọ̀n náà lójú. Wọ́n pín máàkì sí mẹ́rin: ìwà àti ètò ilé-ìwé gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún, olùkọ́ gba 20, ìdánwò àti ìlọsíwájú gba 40, ilé àti ohun èlò gba 10. Ìjọba tìkára rẹ̀ ti rí i pé èsì ìdánwò nìkan kò tó fi dá ilé-ìwé lẹ́jọ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á ka ọdún. Ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó di ọdún 1955, ọmọ a kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kí ó tó bọ́ sí Sítáńdáàdì kìn-ín-ní. Bí ó bá fi máa parí Sítáńdáàdì kẹfà, ó ti lo ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà tí ó jẹ́ mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lára àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé ọdún mẹ́jọ di mẹ́fà. Nítorí náà, ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́fà lẹ́yìn àtúnṣe yìí fi ọdún méjì dín sí ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́fà ṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ kan náà ni a ń pe ìwé wọn. Ọsàn mímu àti ọsàn àgbálùmọ̀ nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú irú ọmọ tí ó dé ibẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1955, owó ni òbí ń san. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò wọ ilé-ìwé rárá, ọ̀pọ̀ tí ó sì wọ̀ ọ́ ni ó ti fi í sílẹ̀ kí Sítáńdáàdì kẹfà tó dé. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí òbí wọn lágbára, tàbí tí ọpọlọ wọn pé dé ibi pé ẹbí kò lè mú ọkàn kúrò lára wọn. Ní ọdún 1954, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn náà lé ní 450,000. Ní ọdún 1955, ó ti lé ní 800,000. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàṣe, ọmọbìnrin tí wọn ì bá ti fi sílẹ̀ nílé kí ó máa tọ́jú àbúrò, gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi àwọn díẹ̀ tí a ṣà nínú ọ̀pọ̀ wé gbogbo ọ̀pọ̀ náà, àwọn tí a ṣà yóò borí. Èyí kò sọ ohunkóhun nípa bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni sí.

Ìyàtọ̀ kẹta ni olùkọ́. Ìjọba ní láti gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́, nítorí kò sí ibi tí wọn ì bá ti rí olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ tó. Ìgbìmọ̀ tí S. A. Bánjọ darí, tí ó ṣiṣẹ́ láti òpin ọdún 1960 wọ ọdún 1961, ṣàyẹ̀wò ètò-ẹ̀kọ́ Ẹkùn náà nígbà tí àwọn ènìyàn ń kùn pé ẹ̀kọ́ ti ń jó rẹ̀yìn, ó sì tọ́ka sí àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ńlá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró níbí kí ó ronú. Àwọn ọmọ tí ìkùnsínú ọdún 1960 dá lé lórí ni àwọn àgbà tí a ń tọ́ka sí lónìí pé wọ́n kàwé láyé tí ìwé jẹ́ ìwé. Àwọn tí wọ́n sọ nígbà náà pé wọn kò mọ̀wé tó ti di òṣùwọ̀n tí a fi ń bú àwọn ọmọ ìsinsin yìí. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ti ọdún 1976, ó sì tún ń ṣẹlẹ̀ sí ètò UBE tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ẹnìkan yóò fi ọ̀pọ̀ náà wé àwọn díẹ̀ tí ó ṣáájú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀kọ́ kò lè jó rẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé ó ti jó rẹ̀yìn ní àwọn ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ̀, a ní láti fi ọmọ tí ó lo iye ọdún kan náà, tí ipò òbí rẹ̀ sún mọ́ra, wé ara wọn lórí iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí kò ṣe èyí kò tíì sọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́, àárò ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń sọ.

5. Ifẹ̀, ọdún 1970: àfiwé tí a múra sílẹ̀ fún

Ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àfiwé tí ó lókìkí jùlọ nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú wọn, tí Adébísí Afọláyan sì wà láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Ìbéèrè wọn ni pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù?

Wọn kò fi kíláàsì ìwádìí wọn wé ọmọ ayé àtijọ́, wọn kò sì fi í wé ọmọ ìlú mìíràn. Wọ́n ṣètò kíláàsì òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìgbà kan náà ni, àdúgbò kan náà ni. Èsì tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn lápapọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn.

Àwọn onímọ̀ kò kàn gba èsì yìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá èdè ni ó ṣiṣẹ́, tàbí ìwé titun tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà, tàbí olùkọ́ àkànṣe tí ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè gidi ni èyí: ṣé kì í ṣe ápù àti ọsàn ni wọ́n tún fi wéra? Láti ọdún 1973, wọ́n mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn kí wọ́n lè rí i bí yóò ti rí lẹ́yìn òde ilé-ìwé àkọ́kọ́. Iyì iṣẹ́ Ifẹ̀ wà nínú èyí pẹ̀lú. Òṣùwọ̀n wọn hàn sí gbangba, ẹni tí ó bá fẹ́ ta kò ó sì mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Àwa tí a fẹ́ràn èdè Yorùbá náà gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ níbí. Bí ẹnìkan bá sọ pé ilé-ìwé èyíkéyìí tí ó bá ti ń fi Yorùbá kọ́ni yóò rí irú èsì Ifẹ̀, láìsí ìwé, láìsí olùkọ́ tí ó múra sílẹ̀, òun náà ti fi ápù wé ọsàn. ‘Kíláàsì tí a fi Yorùbá kọ́’ tún jẹ́ orúkọ kan tí ó lè bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀.

6. Ọdún 2025: àfiwé tí kò ní òṣùwọ̀n

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni títí dé ìwé mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ìdí tí mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó ti lo èdè abínibí lálòjù ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ kí á tún ka ọdún. Ọmọ tí kò tún kíláàsì kankan kà, tí ó sì jókòó fún ìdánwò WAEC ní àárín ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ ìwé kìn-ín-ní ní nǹkan bí ọdún 2013. Ó parí ìwé mẹ́fà ní nǹkan bí ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà ní ọdún 2022, ó ti wà ní ọdún àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìlànà tí a fẹ̀sùn kàn kò bá a níbi tí ó ti lè kàn án. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ ìwé kìn-ín-ní tí ìlànà náà bá kò tíì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé e.

Ẹnìkan lè dáhùn pé àwọn agbègbè kan ti ń fi èdè abínibí kọ́ni kí ọdún 2022 tó dé, nítorí Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti fàyè gbà á fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ láti ọdún 1977. Èsì tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ ilé-ìwé tí ó lò ó àti èyí tí kò lò ó láàárín agbègbè kan náà, iye olùkọ́ àti ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, àti bóyá àlàáfíà wà níbẹ̀ kí ọmọ lè máa lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́. Agbègbè kan kì í ṣe kíláàsì òṣùwọ̀n fún agbègbè mìíràn. Ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe pẹ̀lú kíláàsì díẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, ó yẹ kí orílẹ̀-èdè lè ṣe é kí ó tó pa ìlànà kan rẹ́.

7. Bí olùkọ́ ṣe lè lo àkànlò-èdè náà

Lílo àkànlò-èdè yìí dáadáa ju kí a sọ pé ‘ìyẹn kò jọra’ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ òṣùwọ̀n tí ó sọnù. Kò tó kí á ní ìwé mẹ́fà méjèèjì yàtọ̀. Ọdún mẹ́jọ àti ọdún mẹ́fà ni kí á sọ. Lọ́nà kejì, kò yẹ kí á sọ ọ́ di apata. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá rí i pé ilé-ìwé tí ó múlé tì í, tí ó ń gba irú ọmọ kan náà tí ó sì ní iye olùkọ́ kan náà, ń ṣe dáadáa jù ú lọ, kò lè fi ápù àti ọsàn gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àfiwé tí ó tọ́ nìyẹn, ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Lọ́nà kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kò gbọdọ̀ gbé ápù àti ọsàn kalẹ̀ lásán kí ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dá lórí òṣùwọ̀n tí ó kéré tàbí tí ó tóbi ju ohun tí a ń wọ̀n lọ, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ yóò bá a mu. Níbi tí ó bá ti dá lórí ọjọ́ orí àti ìrírí, òwe aṣọ àti àkísà ni yóò sọ ọ́ yékéyéké. Níbi tí méjèèjì kò bá bá a mu, kí ó sọ ọ́ ní gbangba pé òṣùwọ̀n ohun méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àkànlò-èdè ápù àti ọsàn kò sọ pé kí á má ṣe àfiwé. Ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ wa kò ṣeé kọ láìsí àfiwé, olùkọ́ kò sì lè mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń tẹ̀síwájú bí kò bá fi òní wé àná. Ohun tí ó ń béèrè ni kí á ṣí orúkọ wo ìdí rẹ̀: iye ọdún, irú ọmọ, irú olùkọ́, irú ìdánwò. Àwọn ọmọ ọdún 1955 san gbèsè àfiwé tí kò tọ́, wọ́n sì dàgbà tán kí a tó mọyì wọn. Bí olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá lè béèrè òṣùwọ̀n kí ó tó gba ẹ̀sùn, kò ní sí ìdí tí àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ lónìí yóò fi tún san gbèsè kan náà.